Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà: Èlé Abẹ́nú Lórí Ọkọ̀ Àwìn ní Agbègbè Kòsọ́fẹ́ àti Ojúṣe Olùrà

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àlàyé bí owó tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ ṣe ń wọ inú iye tí a ń san lórí ọkọ̀, kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù tí a rà láwìn ní Kétu, Mile 12, Ìkòsì àti agbègbè wọn. Ó lo ìṣirò tí akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama lè ṣe, ó yẹ òfin ọdún 1965 wò, ó sì bèèrè èwo nínú ẹrù ọ̀rọ̀ náà ni ó tọ́ kí a gbé ka orí olùrà, àti èwo ni ó jẹ́ ti olùtà.

Ìfáárà

Bí ènìyàn bá dúró sí ibùdókọ̀ Kétu ní ìdájí ọjọ́ Ajé, tí ó kọjú sí ọ̀nà Mile 12, oríṣiríṣi ọkọ̀ ni yóò máa kọjá níwájú rẹ̀: dánfó aláwọ̀ ìyeyè, kòrópe, kẹ̀kẹ́ márúwá tí ń yà sí Ìkòsì àti Alápẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù tí ó kó tòmátì àti alùbọ́sà wá láti Òkè Ọya. Ojú lásán kò lè sọ ẹni tí ó ni wọ́n. Ọ̀nà mẹ́ta ni awakọ̀ fi ń rí ọkọ̀ wà. Àwọn kan fi owó wọn ra tiwọn. Àwọn kan ń wa ti ọlọ́kọ̀, wọ́n sì ń fi iye tí wọ́n dá jọ jíṣẹ́ fún un lójoojúmọ́. Èyí ni wọ́n ń pè ní dìlífà. Àwọn kẹta ni ọ̀rọ̀ wa kàn: wọ́n ń san owó díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ọkọ̀ yóò fi di tiwọn. Háyà-pọ́ṣéèsì ni wọ́n ń pe èyí ní gáréèjì. Nínú iṣẹ́ yìí, àwìn àsandíẹ̀díẹ̀ ni a ó máa pè é.

Ètò náà kì í ṣe tuntun, kò sì burú látilẹ̀ wá. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a fi orúkọ Buba Marwa, ológun tí ó ṣe àkóso Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1996 sí 1999, pè ní márúwá ti sọ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí kò ní owó lọ́wọ́ di oníṣẹ́. Láti ọdún 2020 pàápàá ni ilé-iṣẹ́ Moove, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ti ń fún àwọn awakọ̀ Uber ní ọkọ̀ tí wọ́n ń san owó rẹ̀ láti inú owó iṣẹ́ wọn. Ẹni tí kò ní mílíọ̀nù méjì náírà lẹ́ẹ̀kan náà lè ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ohun tí iṣẹ́ yìí ń wá ìdí rẹ̀ ni iye tí ó wà láàárín owó méjèèjì yìí, tí kò sí ẹni tí ń dárúkọ rẹ̀. Létí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá, orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ náà gan-an dún bí ẹni tí ń sọ pé kò sí ọ̀fẹ́. Kò sí ọ̀fẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ iye tí a ń san.

Àwìn láyé àwọn baba wa

Àwọn Yorùbá mọ àwìn, wọ́n sì mọ èlé, kí òyìnbó tó dé. Orúkọ tí wọ́n sọ owó èlé tí ó le jù lọ ni sógundógójì, ìyẹn ni pé ogún tí a yá yóò di ogójì nígbà tí a bá ń san án. Ẹ jẹ́ kí ònkàwé kíyè sí orúkọ náà dáadáa. Orúkọ tí ó korò ni, ṣùgbọ́n kò fi nǹkan kan pamọ́. Ẹni tí ó bá wọ inú rẹ̀ ti gbọ́ iye tí ó gbà àti iye tí yóò dá padà láti inú orúkọ ètò náà fúnra rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kejì ni ti àwọn Òṣómàáló, àwọn oníṣòwò aṣọ láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń gbé aṣọ kiri ìlú àti ìletò ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún. J.D.Y. Peel kọ nípa wọn nínú ìwé tí ó ṣe lórí ìtàn àwọn Ìjẹ̀ṣà ní ọdún 1983. Àwìn ni wọ́n ń tà. Iye tí wọ́n ń gbà ju ti ẹni tí ó bá san owó lójú ẹsẹ̀ lọ, wọ́n sì ń padà wá gba owó wọn ní àkókò tí wọ́n dá. Bí onígbèsè bá ní kò sí owó, Òṣómàáló yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kò sì ní dìde títí owó yóò fi jáde. Ibẹ̀ ni orúkọ wọn ti wá. Ìtìjú tí wọ́n fi ń gba owó pọ̀, àwọn baba wa kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Síbẹ̀, ìyá tí ó ra aṣọ lọ́wọ́ wọn lè wọ ọjà lọ́jọ́ kejì kí ó bèèrè iye tí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ jẹ́, yóò sì mọ ohun tí àwìn ná òun. Èyí ni ó yàtọ̀ sí ti òde òní.

Ìṣirò inú ìwé ewé ogójì

Ní gáréèjì, ìwé àdéhùn fún kẹ̀kẹ́ àwìn kì í sábà ju ojú ewé kan lọ. Àkọsílẹ̀ gidi a máa wà nínú ìwé ewé ogójì tí awakọ̀ ń gbé lọ sọ́dọ̀ ọlọ́kọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé tàbí ọjọ́ Àìkú. Ọlọ́kọ̀ yóò kọ ọjọ́, yóò kọ iye, yóò sì fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ irú ìwé yìí ni mo ti yẹ̀ wò, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kan ń fi kẹ̀kẹ́ ran ara wọn lọ́wọ́ láti san owó ilé-ẹ̀kọ́. Nínú àwọn tí mo rí, kò sí ọ̀kan tí a kọ iye tí kẹ̀kẹ́ náà jẹ́ lówó sí.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Àwọn iye tí mo lò kì í ṣe iye ọjà. Mo yàn wọ́n kí ìṣirò lè rọrùn ni. Ká ní kẹ̀kẹ́ kan jẹ́ 2,000,000 náírà fún ẹni tí ó bá san owó lójú ẹsẹ̀. Awakọ̀ kan san àsansílẹ̀ 400,000, ó sì gbà láti máa san 50,000 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 60. Bí a bá bi í pé èló ni ó ra kẹ̀kẹ́, ìdáhùn rẹ̀ ni pé "àádọ́ta-àádọ́ta." Kò parọ́, nítorí ohun tí wọ́n sọ fún un nìyẹn. Ṣùgbọ́n 50,000 lọ́nà 60 jẹ́ 3,000,000. Bí a bá fi àsansílẹ̀ kún un, ó di 3,400,000. Àfikún tí a kò dárúkọ jẹ́ 1,400,000.

Àwọn ọlọ́kọ̀ kan yóò wí pé, "Mílíọ̀nù kan àti irínwó lórí mílíọ̀nù méjì, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni." Àṣìṣe méjì ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èkínní, kì í ṣe mílíọ̀nù méjì ni awakọ̀ yá. Ó ti san 400,000 lọ́jọ́ kìíní, nítorí náà 1,600,000 ni gbèsè tí ó jẹ. Àfikún náà di ìdá 87.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Èkejì, èyí tí ó ṣe pàtàkì jù, ni pé gbèsè náà kò dúró ní 1,600,000 fún gbogbo ọ̀sẹ̀ 60. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ó ń dín kù. Ẹni tí ó ti san owó fún ogójì ọ̀sẹ̀ kò tún jẹ́ ẹni tí ó jẹ gbèsè tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Bí a bá ṣírò èlé lórí gbèsè tí ó ṣẹ́kù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí ilé ìfowópamọ́ ti ń ṣe, a ó rí i pé ó ń san nǹkan bí ìdá 2.35 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, èyí tí ó tó ìdá 122 lọ́dún. Àwọn àgbà ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ó tọ́ kí a sọ ti ọlọ́kọ̀ náà. Ọlọ́kọ̀ mọ̀ pé awakọ̀ lè gbé kẹ̀kẹ́ sá lọ, pé ó lè ní ìjàǹbá, pé náírà tí òun yóò gbà ní ọ̀sẹ̀ ọgọ́ta kò ní ra ohun tí náírà ti òní lè rà. Kì í ṣe gbogbo àfikún náà ni ó jẹ́ ìrẹ́jẹ. Ẹni tí ó bá sọ ọ́ síta pé, "Mílíọ̀nù méjì ni lówó, mílíọ̀nù mẹ́ta àti irínwó ni láwìn," ti ṣe bí Òṣómàáló, ó sì kù sọ́wọ́ olùrà.

Ìdá mẹ́ta tí kì í ṣe ìdá mẹ́ta

Kí a má baà rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tí kò kàwé ni èyí, n ó sọ tèmi. Ní ọdún 2014, mo ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan lọ́wọ́ oníṣòwò ọkọ̀ kan lẹ́bàá òpópónà Ìkòròdú. Owó mi kò pé, ó ku 600,000 náírà. Oníṣòwò náà sọ pé kò sí wàhálà, òun mọ ilé-iṣẹ́ tí yóò yá mi ní ìyókù, oṣù 12, "ìdá mẹ́ta péré lóṣù." Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi í: "Èló ni n ó máa san lóṣù?" Ó ní 68,000. Mo wo owó oṣù mi, mo rí i pé n ó lè san án, mo sì fọwọ́ sí ìwé. Mo ti gba oyè ọ̀mọ̀wé nígbà náà.

Bí ìdá mẹ́ta náà ṣe rí rèé. Ìdá 3 nínú 600,000 jẹ́ 18,000. Owó tí mo yá, tí a pín sí 12, jẹ́ 50,000. Àpapọ̀ rẹ̀ ni 68,000. Ní oṣù kìíní, mo jẹ 600,000, mo sì san èlé 18,000 lórí rẹ̀. Ìdá mẹ́ta ni. Ní oṣù kejìlá, 50,000 péré ni ó kù lọ́rùn mi, ṣùgbọ́n 18,000 kan náà ni mo san gẹ́gẹ́ bí èlé. Ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn ní oṣù kan. Bí a bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀ tí a ṣírò rẹ̀ lórí gbèsè tí ń dín kù, èlé gidi lé díẹ̀ ní ìdá 5 lóṣù. Kò sí irọ́ nínú ìwé náà. Wọ́n kàn sọ èlé náà lọ́nà tí ó fi kéré lójú ni.

Èyí tí ó dùn mí jù ni mo gbọ́ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Alábàáṣiṣẹ́ mi kan lọ sí ilé-iṣẹ́ ayánilówó yẹn gan-an fúnra rẹ̀, láìgba ọwọ́ oníṣòwò kankan kọjá, ìdá 2 ni wọ́n sì sọ fún un. Ìdá kan tí ó lé ní tèmi ti lọ sọ́wọ́ alárinà. Ìdá kan nínú 600,000 jẹ́ 6,000. Lọ́nà 12, ó jẹ́ 72,000 náírà. Mo rò pé oníṣòwò náà ń bá mi wá owó ni. Kò mọ́ mi lọ́kàn pé bí èlé bá ti ga tó ni èrè tirẹ̀ ń ga tó.

Irú èyí gan-an ti dá ariyanjiyan ńlá sílẹ̀ lókè òkun. Ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ kí ilé-iṣẹ́ Ally san mílíọ̀nù 98 dọ́là nítorí pé àfikún tí àwọn oníṣòwò ọkọ̀ ń fi lé èlé ga lórí àwọn aláwọ̀ dúdú, àwọn ará Éṣíà àti àwọn tí ó ṣẹ̀ láti ilẹ̀ elédè Sípáníìṣì ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn lé ní 235,000. Ìtọ́sọ́nà tí àjọ tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà gbé jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2013 kò pẹ́. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fagi lé e ní 2018. Ní Bìrìtìkó, àjọ FCA fòfin de irú ètò tí ó fún alárinà láyè láti gbé èlé sókè kí èrè tirẹ̀ lè pọ̀ sí i, láti ọjọ́ 28 oṣù Kìíní 2021.

Ohun tí òfin wí

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kò sí òfin kan lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Nàìjíríà. Òfin wà láti 1965: Òfin Háyà-Pọ́ṣéèsì. Fún ọjà mìíràn, òfin náà kò kọjá ohun tí iye rẹ̀ kò ju 2,000 náírà lọ, iye tí kò tún lè ra ohun kan tí ó nítumọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n fún ọkọ̀ tí ẹ̀rọ ń wà lójú pópó, kò sí òdiwọ̀n iye. Nítorí náà, bí a bá wò ó dáadáa, òfin ọkọ̀ ni ó kù tí ó jẹ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí òfin náà béèrè ni èyí tí ìwé ewé ogójì kò ní. Kí àdéhùn tó wáyé, ẹni tí ó ni ọjà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí olùrà mọ iye tí ọjà náà jẹ́ lówó, ní kíkọ sílẹ̀, àyàfi bí olùrà bá ti rí iye náà lára ọjà. Àkọsílẹ̀ àdéhùn gbọ́dọ̀ ní iye owó ọwọ́, iye àwìn, iye tí a ó máa san lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan àti àkókò tí a ó máa san án, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì tẹ olùrà lọ́wọ́. Bí èyí kò bá wáyé, olówó ọjà kò lè fi agbára òfin gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ lábẹ́ àdéhùn náà, àyàfi bí adájọ́ bá rí i pé àbùkù inú àkọsílẹ̀ kò pa olùrà lára. Ní èdè mìíràn, àwọn aṣòfin ti mọ̀ láti 1965 pé àfikún tí a lè rí kò burú tó èyí tí a kò lè rí.

Ẹ̀tọ́ méjì mìíràn wà tí awakọ̀ kì í mọ̀. Olùrà lè dá ọkọ̀ padà kí ó sì fòpin sí àdéhùn bí iye tí ó ti san bá tó ìdajì iye àwìn. Nínú àpẹẹrẹ wa, ìdajì 3,400,000 jẹ́ 1,700,000, ó sì pé ní ọ̀sẹ̀ 26. Bákan náà, bí olùrà ọkọ̀ bá ti san ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún, ọlọ́kọ̀ kò lè gba ọkọ̀ náà padà fúnra rẹ̀. Ilé ẹjọ́ ni yóò gbà lọ. Ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ti àpẹẹrẹ wa jẹ́ 2,040,000, èyí tí awakọ̀ yóò ti san kọjá ní ọ̀sẹ̀ 33. Ọlọ́kọ̀ tí ó bá fi ọwọ́ agbára gbà á lẹ́yìn náà ti fòpin sí àdéhùn, olùrà sì lè gba gbogbo owó tí ó ti san padà. Ihò kan wà nínú ọgbà yìí o. Bí owó ìgbà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ti kọjá láìsan, òfin gbà kí ọlọ́kọ̀ gbé ọkọ̀ lọ sí àyè tirẹ̀ kí ó má baà bàjẹ́, títí ilé ẹjọ́ yóò fi dájọ́. Awakọ̀ tí ara rẹ̀ kò yá fún oṣù kan lè tipa bẹ́ẹ̀ pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí ẹjọ́ ń lọ.

Ojúṣe ta ni?

Èrò kan wà, ó sì gbajúmọ̀ láàárín àwọn alábàáṣiṣẹ́ mi pàápàá, pé ẹni tí ó bá fọwọ́ sí ìwé ni yóò ru ẹrù ohun tí ó wà nínú rẹ̀. N kò lè sọ pé èrò náà kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Èmi ni mo bèèrè iye oṣù tí n kò bèèrè àpapọ̀. Awakọ̀ tí ń bọ̀ láti Alápẹ̀rẹ̀ lè wọ kẹ̀kẹ́ lọ bèèrè iye owó ọwọ́ ní ibi tí wọ́n ti ń ta kẹ̀kẹ́ tuntun kí ó tó lọ bá ọlọ́kọ̀. Ó lè ṣe ìsọdipúpọ̀. Ó lè ní kí a kọ iye méjèèjì sínú ìwé, kí ẹlẹ́rìí sì fọwọ́ sí i. Kò sí èyí tí ó ju agbára ẹni tí ó ka ìwé mẹ́fà lọ nínú wọn. Ní ti èyí, olùrà tí kò bèèrè ti fi ojúṣe rẹ̀ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ènìyàn kò mọ̀ pé ó wà, báwo ni yóò ṣe bi í? Kò sí bí mo ṣe lè bèèrè ìdá kan tí ó lọ sọ́wọ́ alárinà nígbà tí n kò mọ̀ pé alárinà ní ìpín. Ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Bìrìtìkó wọ inú ọ̀rọ̀ yìí ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ 2025. Wọ́n ní oníṣòwò ọkọ̀ kì í ṣe alágbàtọ́ olùrà. Èrè tirẹ̀ ni ó ń wá, olùrà sì gbọ́dọ̀ mọ èyí. Ìdájọ́ yìí gbé apá kan ẹrù náà ka orí olùrà. Síbẹ̀, nínú ọ̀kan lára ẹjọ́ mẹ́ta tí ó wà níwájú wọn, wọ́n dá olùrà láre, nítorí pé owó tí ayánilówó san fún oníṣòwò lábẹ́lẹ̀ jẹ́ ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó èlé tí olùrà náà ń san, wọn kò sì jẹ́ kí ó mọ bí àwọn méjèèjì ṣe so mọ́ ara wọn tó. Olùrà náà kò ka ìwé rẹ̀, ilé ẹjọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ní àjọṣe náà kò tọ́. Níbi ààlà yìí ni èmi náà dúró sí: àìbèèrè jẹ́ ẹ̀bi olùrà, ìfipamọ́ sì jẹ́ ẹ̀bi olùtà, ọ̀kan kò sì lè pa èkejì rẹ́.

Àwọn Mùsùlùmí tí ó wà láàárín wa ní àpẹẹrẹ tí ó súnmọ́ ilé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú òwò tí a ń pè ní múrábáhà, tí ilé ìfowópamọ́ Jaiz ń ṣe láti 2012, olùtà gbọ́dọ̀ sọ iye tí òun ra ọjà àti èrè tí òun fi lé e. Èrè náà lè pọ̀. Ohun tí ó ń ba òwò náà jẹ́ ni bí olùtà bá parọ́ iye tí ó rà á.

Alùpùpù tí a fòfin dè

Àdánwò tí ó le jù lọ dé bá àwìn àsandíẹ̀díẹ̀ ní Kòsọ́fẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án 2022. Ní ọjọ́ náà ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de alùpùpù akérò, ìyẹn ọ̀kadà, pátápátá ní Kòsọ́fẹ́, Oṣòdì-Ìsọlọ̀, Ṣómólú àti Muṣin, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà mìíràn ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn. Àbúrò akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ń gun ọ̀kadà láàárín Kétu àti Ìkòsì. Ó ti san owó fún ọ̀sẹ̀ 31. Ọ̀sẹ̀ 13 ni ó kù.

Ọlọ́kọ̀ ní òun kò fòfin de ohunkóhun, pé ìyókù owó òun gbọ́dọ̀ wọlé. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní ọ̀kadà ni ó yẹ kí ó san owó ọ̀kadà. Nígbà tí wọ́n gbé ìwé ewé ogójì náà wá bá mi, mo bèèrè iye tí alùpùpù náà jẹ́ lówó ní ọjọ́ tí ó gbà á. Kò mọ̀ ọ́n. A lọ bèèrè ní ṣọ́ọ̀bù méjì, a sì rí i pé láti ọ̀sẹ̀ 22 ni ó ti san ju iye náà lọ. Nínú òfin, alùpùpù náà kò tíì di tirẹ̀. Ọlọ́kọ̀ ni ó ni ín títí owó ìkẹyìn. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tí ó fọwọ́ sí, gbogbo àdánù, ìbáà jẹ́ olè, ìbáà jẹ́ ìjàǹbá, ìbáà jẹ́ ìjọba, orí rẹ̀ ni a gbé e kà.

Mo ní kí wọ́n lọ sí ibùdó ìlàjà tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní 1999, níbi tí a kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni. Ilé ẹjọ́ tí ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ náà ti wà ní Èkó láti 2018. Ìlàjà ni wọ́n yàn. Ọlọ́kọ̀ gba alùpùpù padà, ó sì fi ọ̀sẹ̀ 13 jì í. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò rí kọ́bọ̀ kan gbà padà nínú èyí tí ó ti san.

Nínú kíláàsì

Láti ìgbà náà ni mo ti ń lo irú ìwé ewé ogójì bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn tí mo bá ti yọ orúkọ kúrò, láti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì ní ìtumọ̀ èlé ní èdè Yorùbá. Ìwé ìṣirò tí a ń lò ní ilé-ẹ̀kọ́ a máa fún ọmọ ní owó tí a yá, ìdá èlé àti ọdún, a ó sì ní kí ó wá èlé. Ní Mile 12, òdì kejì ni ìbéèrè ayé: wọ́n fún ni ní iye ọ̀sẹ̀ àti owó ọ̀sẹ̀, èlé ni wọ́n fi pamọ́. Mo máa ń kọ 50,000 àti 60 sójú pátákó, mo sì máa ń ní kí wọ́n sọ iye tí kẹ̀kẹ́ jẹ́. Lọ́dọọdún ni àwọn tí ó pọ̀ jù ń dáhùn pé mílíọ̀nù mẹ́ta. Ní ọdún tí ó kọjá, obìnrin kan tí ó jókòó lẹ́yìn, tí ọkọ rẹ̀ ń wa kòrópe, ni ó na ọwọ́ tí ó ní, "Ọ̀gá, ẹ kò tíì sọ iye tí wọ́n rà á."